Yàrá Kan àti Pálọ̀ Lókè Pátápátá

Òórùn ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Kì í ṣe òórùn ọbẹ̀, kì í sì í ṣe òórùn ọmọ tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé náà ni mo ń gbé nígbà tí mo bí àkọ́bí mi. Òórùn ihò líìfìtì ni. Àárín ilé gan-an ni wọ́n dá ihò náà sí. Ó lọ tààrà láti ìsàlẹ̀ títí dé òrùlé, ó ṣófo bí ikùn ẹni tó gbààwẹ̀, ó ń dúró de ẹ̀rọ tí yóò máa gbé wa gòkè, tí yóò sì máa gbé wa sọ̀. Onílé ní ẹ̀rọ náà ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ó ń bọ̀. A dúró títí, a kò rí i. Nígbà tó pẹ́, àwọn ayálégbé bẹ̀rẹ̀ sí í da èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti egungun ẹja sínú ihò náà, eku sì kó wá síbẹ̀ tìyàwó-tìyàwó. Bí oòrùn ọ̀sán bá ti mú, òórùn náà á dìde, á gba àjà kọ̀ọ̀kan kọjá, á wá bá wa lókè. Òun nìkan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó máa ń gun òkè ilé yẹn láìmí hẹlẹ.

Ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ yìí ti pẹ́. Fóònù alágbèéká kò tíì dé Àkókó nígbà náà. Bí ènìyàn bá kú ní Ọ̀kà, ẹsẹ̀ tàbí ọkọ̀ ló ń gbé ìròyìn rẹ̀ dé Ìkàrẹ́. Ẹni tó bá mọ Ìkàrẹ́ á mọ̀ pé òkè ló yí ìlú náà ká. Àwọn baba ńlá wa gun orí òkè nítorí ogun, nígbà tí ogun sì tán, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọkùnrin kan ló wá kó ọrọ̀ Èkó dé, tó ní kí a tún padà gòkè láìsí ogun. Ó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà márùn-ún sí ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí kò ti sí ilé tó ju alájà kan lọ, ó kùn ún ní àwọ̀ tó dà bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Lójoojúmọ́ ni onílé yìí máa ń dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú agbádá funfun, tí yóò máa fi ọ̀pá ọwọ́ nàka sókè bí ẹni pé òun ló dá sánmà. Ó ní bí ènìyàn bá dúró lókè pátápátá, yóò rí Ọ̀wọ̀. Mo gbé ibẹ̀, n kò rí Ọ̀wọ̀ rí. Òrùlé páànù tó ti dípẹtà ni mo rí, àti ewúrẹ́.

Ta ló wá rán mi débẹ̀? Ìwé tí mo kà ni. Tìṣà ni mí, akọ̀wé ilé ìfowópamọ́ ni ọkọ mi, yàrá kan la sì ń gbé nínú agboolé kan nísàlẹ̀ ọjà, níbi tí gbogbo obìnrin ilé ti mọ ìgbà tí mo fi iyọ̀ púpọ̀ sọ́bẹ̀. Ìyẹn ń bí mi nínú. Mo rò pé ẹni tó ti gba ìwé ẹ̀rí kò yẹ kó tún máa dúró lẹ́yìn ẹlòmíì kó tó wẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ mi sọ pé ó ku fúláàtì kan lókè pátápátá, yàrá kan àti pálọ̀, mo ti di ẹrù kó tó parí ọ̀rọ̀. Àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú tó ń wo òkè kì í rí ẹ̀gún tó wà nílẹ̀. Èmi tiẹ̀ rí ẹ̀gún náà o, mo kàn rò pé tìmùtìmù ni.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ilé náà fún yín. Pálọ̀ gba àga mẹ́ta àti ìbànújẹ́. Bí mo bá tẹ̀ síwájú ro ọbẹ̀ nínú ilé ìdáná, ìdí mi á kan ògiri. Ilé ìwẹ̀ ní ẹnu ẹ̀rọ omi tó ń dán bí wúrà, ṣùgbọ́n n kò rí omi lẹ́nu wọn títí a fi kó jáde. Kànga tó wà nísàlẹ̀ ni alápọnmi ti ń pọn omi gòkè nínú kẹ́ẹ̀gì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ òyìnbó a sì máa gbé èyí tó pọ̀ jù mì bíi ràkúnmí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti aṣálẹ̀. Ohun rere kan wà níbẹ̀: fèrèsé yàrá. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, a máa ń rí àwọn òkè tó wà lọ́nà Ọ̀kà. Mo máa ń fi wọ́n han àlejò, mo máa ń sọ pé ilé bàbá mi ni wọ́n ń wò yẹn. Irọ́ ni. Igbó ni wọ́n ń wò.

Nísàlẹ̀, àwọn mẹkáníìkì àti afẹ́ntáyà ló wà ní iwájú ilé. Àwọn ìyá tó ń sun àgbàdo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn agbèrò sì ń ké "Ọ̀wọ̀ kan! Ìṣùà kan!" láti òwúrọ̀. Àwa tí a wà lókè ń pè wọ́n ní "àwọn ará ìsàlẹ̀." A ń ra àgbàdo lọ́wọ́ wọn, a kì í kí wọn. Àwa náà kì í sì í kí ara wa dáadáa. Lórí àtẹ̀gùn, òyìnbó la máa ń sọ. Ìyàwó lọ́yà tó ń gbé abẹ́ wa kì í fi ọwọ́ kan irin àtẹ̀gùn àfi tó bá kọ́kọ́ fi áńkáṣíìfù wé ọwọ́. Ọ̀gá kan láti káńsù wà ní àjà kẹta, ó sọ fún gbogbo ènìyàn pé Èkó ni wọ́n bí òun sí, pé òun kò gbọ́ èdè Àkókó kankan. Ní ọjọ́ kan, alápọnmi da omi sórí àtẹ̀gùn, ọ̀gá káńsù fi bàtà dídán tẹ̀ ẹ́, ó yí gbirigbiri lọ. Èdè Ẹ̀pinmi, ọ̀kan nínú àwọn èdè Àkókó, ló fi ké, láìsí ẹyọ òyìnbó kan nínú rẹ̀. Ó fi èdè náà bú alápọnmi àti ìyá rẹ̀, ó sì tún fi gégùn-ún fún àtẹ̀gùn.

Ìpàdé ayálégbé tí a kọ́kọ́ ṣe, òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fẹnu kò lé lórí: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gún iyán nínú ilé. Wọ́n ní ariwo odó kò bá irú ilé bẹ́ẹ̀ mu. Ẹ rántí pé Àkókó la wà o, níbi tí ẹni tí kò jẹ iyán lálẹ́ yóò ti sọ pé ebi sùn ti òun. Gbogbo wa nawọ́ sókè. Èmi náà nawọ́. Ọkọ mi nawọ́, ó sì wo ilẹ̀.

Nígbà tó yá, mo lóyún, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba ọmọ náà lára mi. Nọ́ọ̀sì ní n kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo, nítorí náà ìyá mi ti ọjà iṣu rẹ̀ pa ní Ọ̀kà, ó wá láti tọ́jú mi àti láti máa wẹ ọmọ. Ó ti dàgbà nígbà náà, ó sì sanra, orúnkún rẹ̀ ti ń ro ó tipẹ́. Ó sinmi ní àjà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé òkè, ó jókòó sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà wa, òógùn bò ó, ó wo èmi àti ọkọ mi.

Ó ní, "Ṣé Ọlọ́run lẹ fẹ́ lọ bá ni?"

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Líìfìtì ń bọ̀ láìpẹ́."

"Kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ó ṣàlàyé fún un. Ìyá mi na ọrùn, ó wo inú ihò náà, ó sì fa imú rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní, "Ohun tó wà nínú ibẹ̀ ti kú o. Ẹ lọ sin ín."

Inú ẹrù rẹ̀ ni odó kékeré kan àti ọmọ odó wà. Mo sọ òfin ilé fún un, ó gbọ́ ọ dópin, ó ní òun kò tíì gbọ́ irú èyí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun: ilé tí wọn kì í ti í gún iyán, ilé àìsàn ni. Ní ọjọ́ kejì, ó se iṣu, ó gbé odó sáàárín pálọ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Kò tíì gún un kúnná tí ìyàwó lọ́yà fi kan ilẹ̀kùn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, òrùlé wa ń mì. A kì í gún iyán níbí."

Ìyá mi dá ọwọ́ dúró. "Ìyàwó, ẹ kúulé o. Kí lẹ máa ń jẹ?"

"Ìrẹsì, Màmá."

"Lójoojúmọ́?" Ìyá mi wò ó láti òkè délẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe é ní tòótọ́. "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jókòó, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnná."

Ìyàwó lọ́yà yí padà, kò jókòó. Ṣùgbọ́n bí òkèlè àkọ́kọ́ ṣe ń lọ sọ́fun wa ni ilẹ̀kùn tún dún. Ọ̀gá káńsù ni. Ó ní wọ́n rán òun wá yẹ ọ̀rọ̀ ariwo wò. Ó yẹ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wò, ó yẹ iyán wò, ó wẹwọ́. Nígbà tó jẹ ẹ tán, ó ní kí a bu díẹ̀ sí i. Ó wá bẹ̀ wá pé kí a má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ó sì lọ bá wọn nísàlẹ̀ pé òun ti kìlọ̀ fún wa gidigidi.

Gígùn tí ìyá mi gun òkè náà kò tú u sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún wú bí àgbọn. Nọ́ọ̀sì tó wá wò mí wo orúnkún náà pẹ̀lú, ó ní kí ó má tíì fi ẹsẹ̀ náà tẹ àtẹ̀gùn. Bí ìyá mi ṣe di ẹni tó ń gbé inú fèrèsé nìyẹn. Obìnrin tó máa ń kiri ọjà Ọ̀kà, tí kò sí ẹni tí kì í bá a ṣàwàdà, á fi ìgbọ̀nwọ́ lé ẹsẹ̀ fèrèsé láti àárọ̀, á máa wo orí àwọn ènìyàn. Kò mọ ojú ẹnì kan nínú wọn. Nígbà mìíràn á kí ẹni tó ń kọjá, ẹni náà á wo ọ̀tún, á wo òsì, á rò pé iwin ló ń kí òun, á sì yára lọ.

Ìyá mi ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan ní Ọ̀kà. Baba wọn kú nígbà tí ìyá mi kò tíì ju ọmọ ọwọ́ lọ, ẹ̀gbọ́n yìí ló sì tọ́ ọ. Èjìká rẹ̀ ló fi gbé e lọ sóko, òun ló fi í fún ọkọ, òun ló tún gbà á padà sílé nígbà tí bàbá mi kú. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni ìyá mi máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Nígbà tó ti ń retí rẹ̀ tí kò rí i, òun náà wọkọ̀ ní ọjọ́ ọjà kan, ó wá sí Ìkàrẹ́. Ó wọ ẹnu ọ̀nà ilé wa, ó wo àtẹ̀gùn, ó wo ọ̀pá tó fi ń tilẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó jáde padà. Ó dúró láàárín àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì wọn kalẹ̀, ó gbójú sókè, ó fi gbogbo ohùn tó kù lọ́fun rẹ̀ pe ìyá mi ní orúkọ tí wọ́n ń pè é ní kékeré.

Èdè Ọ̀kà ni wọ́n sọ. Mo kọ ọ́ síbí lọ́nà tí gbogbo ènìyàn yóò fi gbọ́ ọ.

"Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí o, ẹ̀gbọ́n mi!"

"Kí lo ṣe fún wọn tí wọ́n fi tì ọ́ mọ́lé?"

"Ọmọ ni mo wá wẹ̀! Orúnkún ló dá mi dúró!"

"Sọ̀ kalẹ̀ kí n rí ojú rẹ!"

"Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yìí lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ọ̀kà ni n ó ti wá bá yín!"

Àwọn mẹkáníìkì dá òòlù dúró kí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà lè gbọ́ ara wọn. Ẹni tó ń sun àgbàdo fún bàbá náà ní àga. Ní tiwa lókè, wọ́n ń pa fèrèsé dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyàwó lọ́yà sì yọ orí, ó ké pé kì í ṣe inú ọjà nìyí. Ìyá mi kò gbọ́ ọ. Ó ti yọ èjìká méjèèjì jáde lójú fèrèsé, ẹ̀rù bà mí kí ó má já bọ́. Mo pọn ọmọ, mo rọra sọ̀ kalẹ̀. Bàbá náà gbàdúrà sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi pa ọmọ lórí. Ó kó iṣu tó gbé wá lé alápọnmi lọ́wọ́ pé kí ó bá òun gbé e gòkè. Ó tún gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan sí i. Oòrùn ń ṣá a lójú, ó fi ọwọ́ bo iwájú orí.

Ó ní, "N kò rí ojú rẹ o. Orí nìkan ni mo ń rí."

Ìyá mi ní, "Ojú náà wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Kò lọ ibì kan."

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́ ní Ìṣùà, àkọ́bí ẹ̀gbọ́n ìyá mi wọlé. Kò jókòó. Ó ní, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Bàbá ti lọ." Wọ́n bá a lórí ẹní lẹ́yìn ìrun Sùbúù. Mùsùlùmí ni gbogbo wa, a kì í fi òkú pamọ́. Wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn ìrun Àyílà ni wọn yóò sin ín, ọkọ̀ tó fi wá sì ń dúró nísàlẹ̀.

Ìyá mi kò ké. Ó ní, "Ìnnà lílàáhì," ó so gèlè mọ́rí, ó dìde. Orúnkún náà yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó di àga mú, ó tún dìde, ó tún yẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti pọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n tín-ín-rín lòun, àtẹ̀gùn náà há, omi sì ti wà lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí àtẹ̀gùn ti kọ́kọ́ yà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, àwọn méjèèjì fì sí ìhà ihò náà, tí kò ní ju pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n dábùú rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀.

Mo sáré lọ kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó lọ́yà ṣí i díẹ̀, tó jẹ́ pé imú rẹ̀ nìkan ni mo rí. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ní kí ọkọ rẹ̀ jọ̀ọ́ wá ràn wá lọ́wọ́.

Ó ní, "Kò sí nílé. Ẹ ò ṣe pe àwọn ará ìsàlẹ̀?"

Ọkọ rẹ̀ wúkọ́ nínú pálọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́. Ó rọra ti ilẹ̀kùn náà. Mo sọ̀ kalẹ̀ bá ọ̀gá káńsù. Òun ṣí i gbayawu, ìró ló ró mọ́dìí, ìrẹsì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ó mà ṣe o, pé ẹ̀yìn ń dun òun, pé irú ọ̀rọ̀ báyìí, kíátékà tó ń bójú tó ilé ló kàn. Òyìnbó ló fi sọ ọ́, òyìnbó tó gún régé.

Nígbà tí mo padà gòkè, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ pé òun yóò lọ pe àwọn mẹkáníìkì kí wọ́n gbé àga wá. Ìyá mi ní kò gbọdọ̀ lọ. Ó ní, "Ẹ ó gbé mi gba inú ilé àwọn ènìyàn yìí bí òkú? Òkú kan ti tó fún wa lónìí." Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó na ẹsẹ̀ tó wú síwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì tilẹ̀, ó sì fi ìdí wọ́ bọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Ó tún wọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ. Èmi ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn, ó na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ hán nǹkan. Omi àtẹ̀gùn rin ìró rẹ̀, ìdọ̀tí lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ojú ń yọ ní ojú kan.

Ìyá mi sì ń kí wọn. Èèyàn Ọ̀kà kì í kọjá lẹ́nu ọ̀nà ẹnì kan kó máà kí i. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ìyàwó lọ́yà, ó dúró, ó mí, ó ní, "Ìyàwó, ẹ kúulé o. Ẹ bá mi kí bàbá tó ń wúkọ́. Ẹ fún un ní oyin." Ó tún wọ́ lọ. Ní ẹnu ọ̀nà ọ̀gá káńsù, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ pẹ̀lẹ́ ti ẹ̀yìn o. Iyán tí ẹ jẹ lọ́jọ́ sí, ó yẹ kí ó ti gbé ẹ̀yìn náà dúró."  Ọ̀gá káńsù gbé ìrẹsì ẹnu rẹ̀ mì.

Bí a ṣe dé ìsàlẹ̀, ta ni a bá níbẹ̀? Onílé. Ó mú àwọn àlejò kan wá wo fúláàtì tó ṣófo, ó ń fi ọ̀pá nàka sí ihò náà, ó ń sọ pé, "Ibí ni líìfìtì yóò wà. Ẹ ó kàn máa tẹ bọ́tìnnì." Ìyá mi fi ìdí wọ́ àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn bọ́ sí iwájú wọn.

Ó ní, "Àláájì, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti tẹ bọ́tìnnì tèmi." Ó gbá ìdí rẹ̀ tó tutù pẹ́pẹ́. "Òun nìyí. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní irú rẹ̀, kí wọ́n tó kó wá."

Onílé gbé ọ̀pá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Àwọn àlejò rẹ̀ wo ara wọn. Ìgbà yẹn ni àwọn mẹkáníìkì rí wa láti ìta. Ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n. Wọ́n fi irinṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sáré wọlé, wọ́n gbé ìyá mi lọ́wọ́ mẹ́rin sínú ọkọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ tó kún fún ọ́ìlì, ó tẹ́ ẹ sí ìjókòó kí ìró tó rin má baà mú un ní òtútù. Ìyá tó ń sun àgbàdo ní, "Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, Ìyá Ojú Fèrèsé." A kò mọ̀ pé wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ.

Ọkọ̀ náà sáré. Ìyá mi ń wo iwájú. Nígbà tí a wọ Ọ̀kà tí a yà sí agboolé wọn, mo rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń ṣan ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, amọ̀ pupa ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ó tán. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, lábẹ́ igi ọsàn. Wọ́n ní àwọn dúró díẹ̀, pé ojú ọjọ́ ṣú, àfáà ní kí àwọn má dúró de ìrun Àyílà mọ́, kí òjò má baà bá a níta. Ìyá mi ní kò burú, wọ́n ṣe é dáadáa. Ó ní kí wọ́n gbé òun débẹ̀. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ erùpẹ̀ tuntun náà, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ni."

Ìgbà yẹn ló wá sunkún. N kò tíì rí i kí ó sunkún bẹ́ẹ̀ rí, kódà nígbà tí bàbá mi kú. Ohùn kékeré ni, bí ti ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ sóko.

Ìyá mi kò padà sí Ìkàrẹ́, èmi náà kò fẹ́ padà. Ọkọ mi dé láti Ìṣùà ní ìrọ̀lẹ́, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ìyá mi. Oṣù náà kò tíì parí tí a fi kó jáde. Ọjọ́ tí a ń kó ẹrù, onílé wá bá wa, ó ní kí a ṣe sùúrù, pé líìfìtì ti dé Èkó, wọ́n ń já a lọ́wọ́. Ọkọ mi, tó jẹ́ pé jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀, gbé àga lé èjìká, ó ní, "Àláájì, ẹ jẹ́ kí ó máa gbé Èkó. Ó mọ ohun tó ń ṣe." Ìyàwó lọ́yà wá dágbére fún wa láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀gá káńsù béèrè bóyá a máa ta odó náà.

Ìyá mi lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i láyé. Lọ́jà, ó máa ń sọ ìtàn bí òun ṣe fi ìdí sọ̀ kalẹ̀ láti ojú sánmà, gbogbo ọjà á sì máa rẹ́rìn-ín, òun náà á máa rẹ́rìn-ín títí yóò fi di ibi tí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀. Ibẹ̀ ló máa ń dáwọ́ ìtàn dúró sí. Á ní kí ẹni tó fẹ́ ra iṣu sún mọ́ ọn.

Ilé náà ṣì wà. Onílé ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ń jà sí i ní kóòtù, ewúrẹ́ ń sùn ní àjà ìsàlẹ̀. Bí mo bá kọjá níbẹ̀, n kì í bínú sí i mọ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè bọ̀wọ̀ fún un. Ilé tó ga tí kò sẹ́ni tó lè pe ẹnìkejì rẹ̀ nínú rẹ̀, àkójọ ògiri lásán ni, ì báà ga dé ọ̀run.

Ọmọ tí mo bí nígbà náà ti dàgbà, iṣẹ́ gidi ló ń ṣe ní Èkó. Lọ́dún tó kọjá, ó gba ilé sínú ọ̀kan nínú àwọn ilé gogoro tó wà létí òkun, yàrá kan àti pálọ̀. Kóńdò ló pè é. Ó fi fóònù ya gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: omi ń sun nínú ẹnu ẹ̀rọ, líìfìtì ń gòkè ó ń sọ̀ bí èémí, òkun tẹ́ rẹrẹ lójú fèrèsé. Mo yìn ín, mo ṣàdúrà fún un tọkàntọkàn. Mo wá béèrè ohun kan ṣoṣo: ta ló ń gbé ilẹ̀kùn tó kọjú sí tirẹ̀?

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmi, wọn kì í béèrè bẹ́ẹ̀ níbí. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Mo ní ó dáa, kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì jáde sí ẹ̀bá ilé mi níhìn-ín ní Ọ̀kà, ilé ilẹ̀, mo jókòó. Ìyàwó kan láti agboolé kejì ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú igi lórí. Ó dúró, ó fi ọwọ́ kan gbá igi náà mú kí ó lè kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi. Ó ní òun kò rí mi níta láti àárọ̀, ṣé kò sí o?

Mo ní kò sí.